Ẹ̀yin pròdúsà, ẹ kúkú sọ pé rárá

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, l'Ábújá níbí, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí máṣíìnì, àmọ́ tó bá di alẹ́ orin ni mo máa ń kọ. Kì í ṣe pé èmi fúnra mi fẹ́ di olórin o, àwọn ọmọ mi gan-an máa ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, orin táwọn ọ̀dọ́ ń jó sí yìí ni mò ń kọ sílẹ̀ fún ẹlòmíì, màá wá fi ránṣẹ́ sáwọn pròdúsà bóyá wọ́n á rí olórin tó máa bá mu. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èmi á kọ ọ́, àwọn á kọ̀ ọ́.

Láti 2021 títí di bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà yìí lórí fóònù, orin 23 ni mo ti fi ránṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n sọ fún mi ní tààrà pé àwọn ò fẹ́. Mọ́kàndínlógún, wọ́n gbọ́ ọ, máàkì búlúù méjì yẹn yọ, kẹ́kẹ́ bá pa. Ọ̀kan tó kù, wọ́n ní kí n ní sùúrù, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, màá kì orí bọ àárín àwọn aṣọ tí mo fi kọ́ ara ògiri, àǹkárá, léèsì, babanriga, màá wá máa kọrin sínú fóònù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kì í jẹ́ kó ta padà, iṣẹ́ tí fóòmù ara ògiri sítúdíò ń ṣe náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò ní wá gbé fóòmù tiwọn lọ, àmọ́ tí Iléyá bá ku ọ̀la, táwọn oníbàárà ti kó gbogbo aṣọ wọn tán, ohùn tèmi á máa dún bíi ti ẹni tó já sí kànga.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí mo wọ mọ́tò lọ sí Berger, mo wọ òmíì lọ sí Wuse 2, mo jókòó sí sítúdíò kan fún wákàtí méjì ààbọ̀ nínú otútù ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ Yorùbá ni pròdúsà náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú tèmi, ó tẹrí ba kí mi dáadáa, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ." Èmi ò wojú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń wò. Bó ṣe kan ègbè báyìí, ẹsẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn, fóònù ẹ̀ bá dún, ó bọ́ síta. Nígbà tó padà wọlé ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí dáa gan-an, mo mọ ẹni tó máa kọ ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni o, màá pè yín." Mo ra suya lọ́wọ́ dání lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oṣù keje rèé. Mo ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kà á, ó sì ń gbé fídíò sí status lójoojúmọ́, ara ẹ̀ le, a dúpẹ́.

Ẹ wò ó, àwọn ọmọ almajiri máa ń wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi tàwọn ti abọ́ lọ́wọ́. Tí mi ò bá ní nǹkan kan, bí gbogbo ará ibí ṣe ń wí i lèmi náà ń wí i, "A yi hakuri," ìyẹn "ẹ má bínú" lédè Haúsá. Ọmọ yẹn ò ní bínú, kí n tó gbójú sókè ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rí jẹ. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ pé "dúró ná" tí mo wá wọlé lọ tí mi ò jáde mọ́ ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń fi wá ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún télọ̀ pé má ta aṣọ yìí, mò ń bọ̀ wá gbé e, ó kéré tán á fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò lè gbé orin yẹn fún ẹlòmíì, torí tó bá lọ pè mí lọ́la tó bá a lọ́wọ́ ẹlòmíì, oníjìbìtì ni wọ́n máa pè mí.

Àwọn mẹ́ta tó sọ pé rárá yẹn, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ègbè mi ò wọlé àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, pé Spotify kì í ka orin sí èyí tí wọ́n gbọ́ àfi tó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 30, pé kí ègbè tèmi tó dé wọ́n á ti fò ó. Ó dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kẹrin mo gé iwájú orin náà kúrò bí mo ṣe máa ń gé ìdí bùbá tó gùn jù, kí n má purọ́, ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èkejì ló là mí lójú pé bíìtì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe, olórin á wá wọlé, á máa hùn lé e lórí títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Ìyẹn ni pé èmi tí mo gbé odindi orin wá, bùbá tí mo ti rán tán ni mo gbé wá tí mo ní kí wọ́n bá mi wá ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ègbè nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́ báyìí.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan o. Lọ́dún tó kọjá mo wà nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, rédíò ń kọ orin kan nípa télọ̀ tí ìfẹ́ kó sí lórí níbi tó ti ń wọn oníbàárà. Orin mi nìyẹn! Mo pariwo débi pé oníkẹ̀kẹ́ páàkì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ka lọ́ọ̀yà ní kí n jẹ́ kóun gbọ́ méjèèjì, ó ní òfin Copyright 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 kì í dáàbò bo èrò lásán, ọ̀rọ̀ àti ohùn orin bí èèyàn ṣe gbà á sílẹ̀ ló ń dáàbò bò, láìjẹ́ pé o lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ohùn wọn ò jọra, ọ̀rọ̀ wọn ò jọra. Nígbà tí mo tún wá rò ó, mi ò fi orin yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn kan ní kí n kó lọ Èkó. Mo máa ń sọ fún wọn pé Àbújá níbí ni Styl-Plus ti gbéra, Jos ni M.I àti Ice Prince dàgbà sí. Lóòótọ́ M.I àti Ice Prince padà kó lọ Èkó náà ni, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi tí mo ń fi aṣọ tí olówó ẹ̀ ò wá gbé kọ́. Búláòsì kan wà níbẹ̀ láti 2019, ọmọ kópà kan láti káńpù Kubwa yìí ló wá rà á, mo kàn fún ìdí ẹ̀ wọlé díẹ̀ ni. Mo wá ṣe fódà kan sórí fóònù, mo pè é ní Ìṣó, ibẹ̀ ni gbogbo orin tí wọ́n kọ̀ wà. Ìyàwó mi ń hun ọ̀kan nínú wọn tó bá ń lọṣọ, kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde bóyá àbúrò mi ti Wuse 2 á rí i. Àbúrò, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn tẹ "rárá" ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹnì kan wà ní Mararaba tó fẹ́ gbọ́ orin yẹn.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Kubwa.

(Ẹ má gbé orúkọ mi jáde o, ìyàwó mi ò tíì mọ iye dátà tí mo ti jó sórí ọ̀rọ̀ yìí.)