Èèyàn ń gbé Kawar

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ọmọ wa tó ń gba aṣálẹ̀ Níjẹ̀r lọ sí Líbíyà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ikú. Ṣùgbọ́n ẹ pe Kawar, agbègbè tí ìlú Dirkou àti Bilma wà nínú aṣálẹ̀ yẹn, ní ilẹ̀ tí ẹ̀dá kan ò gbé. Ìyẹn ló dùn mí.

Ní 2017, èmi náà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àìsàn dá mi gúnlẹ̀ ní Dirkou, awakọ̀ wa sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Kanuri kan ló gbé mi lọ sílé rẹ̀ ní Bilma. Oṣù méjì ni mo lò níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń mu omi kẹ́ẹ̀gì tó ń rùn bí bẹntiróòlù, omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ ni mo bá, wọ́n ń fi bomi rin dàbínù àti ewébẹ̀.

Iyọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ní Kalala, lẹ́bàá Bilma, kòtò ló kún ilẹ̀. Omi á sun sínú kòtò, oòrùn á mú un, iyọ̀ á wá dì lójú rẹ̀ bí awọ ṣe ń bo ojú ẹ̀kọ tó ń tutù. Wọ́n á fi igi fọ́ ọ kó lè rì, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á kì í sínú ìtì ọ̀pẹ dàbínù tí wọ́n gbẹ́ ihò sí. Èyí tó bá gbẹ tán ni kántú. Iyọ̀ yẹn la ẹsẹ̀ mi. Alaalẹ́ ni ìyàwó bàbá ń fi òróró pa á fún mi.

Láti Agadez, ìlú mìíràn ní Níjẹ̀r tó fi ohun tó lé ní 500 kìlómítà jìnnà sí Bilma, ni àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan tó ń gbé inú aṣálẹ̀, ti ń kó ràkúnmí wá. Wọ́n á gbé jéró wá, wọ́n á ru iyọ̀ àti dàbínù lọ sí ọjà ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀nà Bornu sí Tripoli náà gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì kó ẹrú gbà á. Bàbá ò fi ìyẹn pamọ́ fún mi.

Olóòtú, kì í ṣe ìlú wọn ló ń pa àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn tí Níjẹ̀r ṣòfin ní 2015 lòdì sí kíkó arìnrìn-àjò, àwọn awakọ̀ ń sá fún sójà, wọ́n ń yà kúrò lọ́nà tí kànga àti èèyàn wà. Ibi tí kò sí ará Kawar nítòsí ni òùngbẹ ti ń pa wọ́n. Wọ́n ti fagi lé òfin náà ní 2023, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kú ti kú.

Bàbá náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Dàbínù ló dì sínú aṣọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń padà sí Agadez. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ kọ.

Èmi ni,
Aránṣọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́