Ìtẹ́lọ́rùn ọjọ́ ìkẹyìn kò tó láti díwọ̀n ẹ̀kọ́ ìwádìí ìṣègùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn ètò tí a fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ní Èkó. Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún 1925 ni àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller rán wá ti ń wádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Yábàá. Yunifásítì Èkó sì wà lára àwọn mẹ́fà ní Nàìjíríà tí wọ́n kópa nínú MEPI, ètò àjọṣe fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Áfíríkà, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2010. Owó ńlá ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ó sì tọ́ kí a béèrè èso rẹ̀.

Níbi púpọ̀, wọn a pín fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a fàmì sí i pé ẹ̀kọ́ náà dára púpọ̀, ó parí. Láti ọdún 1959 ni Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa bí a ṣe ń díwọ̀n ẹ̀kọ́, ti là á yé wa pé ìtẹ́lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ péré nínú mẹ́rin: ó ṣì kù kí a mọ ohun tí wọ́n kọ́, bóyá ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yí padà, àti ohun tí ìyípadà náà bí.

Àwọn mìíràn a máa ka iye àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà ní ipò kẹsàn-án lórí àpilẹ̀kọ kò fi hàn bóyá ẹni náà lè dá ìbéèrè ìwádìí gbé kalẹ̀, kí ó wá owó sí i, kí ó sì ṣe é dópin. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni pé àwọn tí iṣẹ́ wọn ti ń tàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ní ọ̀gá tí ń tì wọ́n lẹ́yìn, ni a sábà máa ń ṣà wọlé. Bí wọ́n bá wá ṣe dáadáa, ta ni ó lè búra pé ètò náà ló ṣe é? Ó yẹ kí a tọ́jú orúkọ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, kí a sì fi iṣẹ́ wọn wé ti àwọn tí ó wọlé, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, láìka àkókò tí obìnrin fi tọ́jú ọmọ tuntun sí i lọ́rùn.

Bákan náà, dókítà tí a kọ́ yóò padà sí wọ́ọ̀dù tí èrò kún dẹ́nu ọ̀nà, iná yóò sì lọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí ó fẹ́ yẹ̀ wò wà nínú fìríìsà. Kí a tó sọ pé ẹ̀kọ́ kò ràn án, ẹ jẹ́ kí a béèrè iye wákàtí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ láti ṣe ìwádìí.

Mo bẹ àwọn tí ń darí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Èkó, àti àwọn tí ń náwó sí i, pé kí wọ́n ya owó ìtọpinpin sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n gbé e fún ẹni tí kò sí lára olùdarí ètò náà, kí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ síta, yálà ó dára tàbí kò dára.

Olùkọ́ ìṣègùn kan,
Sùúrùlérè, Èkó.