Lẹ́tà sí Kábíyèsí Elros, Tí Ó Fi Èkejì Rẹ̀ Sílẹ̀

Kábíyèsí Elros, ọba àkọ́kọ́ ní Númenor,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó pé ọdún kan lánàá tí Táíwò mi jáde láyé. Ibi tí mo ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ni mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ tí àwa méjèèjì kọ ìran yín sí, bí a ṣe kà á nínú ìwé ìtàn àròsọ Tolkien, nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 14. Orúkọ yín ni ó wà lókè pátápátá, àwọn ọmọ yín mẹ́rin tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìlà náà gba ọ̀dọ̀ Silmariën, tí wọn kò fi jọba nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Elendil, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Aragorn, ìran tí ó lé ní 60. Táíwò ni ó kọ orúkọ, èmi ni mo fa ìlà. Ẹ̀gbẹ́ yín ni Elrond, èkejì yín, wà, ìlà tirẹ̀ kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

A fẹ́ràn yín nítorí pé ìbejì bíi tiwa ni yín. Bàbá yín wà lójú òkun, ìyá yín bẹ́ sínú omi nígbà tí àwọn ọmọ Fëanor kógun dé Sirion, ibi tí ẹ ń gbé, ọwọ́ àwọn apànìyàn náà ni ẹ̀yin ọmọ kéékèèké sì bọ́ sí, kí Maglor, ọ̀kan nínú wọn, tó ṣàánú yín, tí ó tọ́ yín dàgbà. Táíwò a máa sọ pé àwọn tí ó bá ti jọ la irú èyí já kò tún lè pínyà mọ́.

Ẹ sì pínyà. Elrond yan ìran àwọn tí kì í kú, ẹ̀yin yan ìran ènìyàn. Ẹ lo ọdún 410 lórí ìtẹ́, ẹ pé ẹni 500 ọdún, ẹ sì fínnúfíndọ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀mí yín. Ìyẹn kọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yín ṣí, tí ó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ tí bàbá yín ń gbé kiri ojú ọ̀run lọ sí Númenor, erékùṣù tuntun náà, ni mo ń rò. Ẹni tí ó kọ ìtàn yín kò sọ ohun tí ẹ wí fún Elrond. Ṣé ó sìn yín dé èbúté? Ṣé ẹ bojú wẹ̀yìn?

Nílẹ̀ wa, Kẹ́hìndé ni ó ń rán Táíwò lọ tọ́ ayé wò, igbe rẹ̀ ni ó sì fi ń mọ̀ pé ayé dára. Ikú ni ẹ lọ tọ́ wò, Kábíyèsí, Elrond kò sì gbọ́ igbe kankan, bẹ́ẹ̀ ó lo ọdún tí ó lé ní 6,000 lẹ́yìn yín. Òun ni ó ń tọ́ àwọn àrọ́mọdọ́mọ yín ní Imladris, ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni Aragorn nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí wọ́n gbé e wá bá a, ọmọ yìí kan náà ni Arwen, ọmọbìnrin Elrond, sì tìtorí rẹ̀ yan ọ̀nà tí ẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ gba ènìyàn lọ́wọ́ Elrond.

Kíndìnrín ni ó ṣe Táíwò. Ọdún méjì ni a fi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí mo lọ wá owó tí a máa san, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa gbé òun lọ sílé. Kò bi mí. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà báyìí. Mo jẹ gbèsè owó ilé-ìwé wọn, ọwọ́ òsì ni èyí ọkùnrin sì fi ń kọ̀wé bíi tirẹ̀. Ìyá wa, tí kì í pa ìsìn jẹ, fẹ́ kí a gbẹ́ ère ìbejì fún un, n kò sì tíì lè dá a lóhùn.

Nígbà tí mo fi ìwé náà han ọmọ yìí lálẹ́ àná, ó fi ìka tẹ orúkọ Elrond, ó ní, “Ta ni ó dúró ti eléyìí?”

Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ wí fún un ní èbúté?

Èmi ni,
Kẹ́hìndé