Ẹ̀yin dókítà wa tó ń lọ sí Ìlú Ọba, ẹ sọ iṣẹ́ ọwọ́ yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín láti Òkè-Fìà níbí. Púpọ̀ nínú yín ló ti yege PLAB, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, tí orúkọ yín ti wọ ìwé GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ẹ sì ti fi fọ́ọ̀mù ìkọ́ṣẹ́ dókítà onímọ̀ pàtàkì sílẹ̀ lórí Oriel, ojúlé ìgbanisíṣẹ́ wọn lórí ayélujára. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì ni ẹ ti ń wá fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dánra wò lọ́dọ̀ mi. Ìmọ̀ ìṣègùn pé lórí yín, ṣùgbọ́n ẹ kì í lè sọ ohun tí ẹ ti ṣe.

Ẹ̀kọ́ ilé ló fà á. Ọmọ tó bá ń yin ara rẹ̀ lójú àgbà, a ó ní a kò tọ́ ọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kó iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́ sábẹ́ agbádá ọ̀gá. Àwọn tó ń bi yín léèrè lórí kọ̀ǹpútà yẹn ní ìwé máàkì níwájú. Ohun tí ẹ kò bá fẹnu yín sọ, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó, wọn kò lè fún un ní máàkì.

Mo bi ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú yín pé àtúnṣe wo ló ti ṣe níbi iṣẹ́ rí. Ó ní, "Ẹ̀ka wa ṣe audit lórí sepsis, mà." (Audit ni yíyẹ iṣẹ́ wò bóyá ó bá ìlànà mu; sepsis ni àkóràn tó le débi pé ó ń ba ẹ̀yà ara jẹ́.) Ó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí mo tú u wò, òun gan-an ló kíyè sí i pé láti ìgbà tí dókítà bá ti kọ abẹ́rẹ́, títí mọ̀lẹ́bí á fi rówó, tí wọ́n á fi sáré lọ rà á níta, tí abẹ́rẹ́ á fi wọ ara aláìsàn, ọ̀pọ̀ wákàtí ti lọ. Òun ló tú fáìlì, tó kọ àkókò sílẹ̀. Òun náà ló bá nọ́ọ̀sì àgbà àti àwọn ará fámásì sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ ceftriaxone díẹ̀ máa wà nínú àpótí ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n lò ó ná, kí owó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó tún tú fáìlì, àkókò náà ti dínkù. Ẹ gbọ́ o! Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ Òṣogbo, wọn kò mọ̀ pé owó là ń wá kí oògùn tó dé. Ẹ là á yé wọn: ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe, ohun tó yí padà. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ pé ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n wò, torí audit tí a kò tún padà wọ̀n, ààbọ̀ iṣẹ́ ni.

Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn tó ń kú lọ kalẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àrùn tí kò wọ́pọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣé ọ̀nà ọ̀fun ṣí? Ṣé ó ń mí? Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣúgà ńkọ́? ABCDE, ètò yíyẹ aláìsàn wò ní ìtòtẹ̀léra, tí gbogbo yín mọ̀ náà ni, ẹ kàn ń rò pé ó ti kéré jù láti sọ síta. Ẹ tètè sọ pé ẹ máa pe ọ̀gá. Ẹni tó ti dá wọ́ọ̀dù ṣọ́ lóru níbí rí máa ń rò pé ojo ló ń pe ọ̀gá. Lọ́hùn-ún, ẹni tí kò pè ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ìbéèrè tó ń mú yín làágùn jù ni ti ọ̀gá tó wá síṣẹ́ tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní òun á dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó lọ sùn, òun á sì bò ó láṣìírí. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìdáhùn yẹn lè gba ààyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹ fi ọ̀wọ̀ pe ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má fọwọ́ kan aláìsàn mọ́, kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ fún consultant (dókítà àgbà) mìíràn tàbí olórí ẹ̀ka, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá nǹkan ló ń ṣe é. Ẹ ka Good Medical Practice, ìwé ìlànà GMC, èyí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 30 oṣù Kìíní 2024. Àrífín kọ́ nìyẹn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ tètè wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí CREST yín, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti ṣetán láti wọ ìkọ́ṣẹ́ náà. Ọ̀gá tí ẹ bá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán níbí lè ṣe é, bí ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bá wà pẹ̀lú ìwé náà. (Àwọn ọ̀gá náà ń japa o.) Ẹni tó bá ń lọ fún GP (dókítà ìdílé), MSRA, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ni kó gbájú mọ́.

N kò ní tàn yín: ní oṣù Keje 2025, ìjọba wọn kọ ọ́ sínú ètò ìlera ọlọ́dún mẹ́wàá wọn pé àwọn tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn ni àwọn yóò máa fi ṣáájú fún ààyè ìkọ́ṣẹ́ náà. Ojú ọ̀nà ti há. Nítorí náà, ẹ má ra ìdáhùn àkọ́sórí tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp. Ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú yín.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Kìíní ni wọ́n pè yín, aago mẹ́sàn-án tiwọn ni aago mẹ́wàá tiwa. Ẹ ra dátà sórí nẹ́tíwọ̀kì méjì, kí ẹ sì wá ibi tí ínfátà wà.

Èmi ni ìyá yín,
dókítà tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.