Gbénga, Bá Mi Dá Sí Ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé

Ìtamágà, Ìkòròdú
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Gbénga, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní São Paulo? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá nírọ̀lẹ́ Sátidé, ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Màmá yín wà dáadáa, wọ́n ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn tí atẹ́gùn ṣí ṣe, Bọ́sẹ̀ bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, títì wa ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo sáré kó ìyẹn jọ kí n lè ráyè sọ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé àbúrò rẹ.

O bi mí nínú ohùn tó o fi ránṣẹ́ pé kí ni jiu-jitsu tí ọmọ yìí gbé kalẹ̀, pé ṣé kí o ní kó jáwọ́. Ìjàkadì orí ilẹ̀ ni, wọ́n ń fi dídì mọ́ra, yíyí oríkèé àti fífún ọrùn mú ẹnì kejì juwọ́ sílẹ̀. Má ṣe ní kó jáwọ́. Ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Ìbàdí rẹ̀ fúyẹ́, ara rẹ̀ kì í gan, bí nǹkan kò bá bọ́ sí i fún un, á tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń pàdé lẹ́yìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí yẹn, fóònù Káyọ̀dé ni tíṣà wọn. Wọ́n á gbé e ti búlọ́ọ̀kù, wọ́n á wo fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n á sì dì mọ́ra. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìparí ìwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Heel hook ni wọ́n ń kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn sì ti ń tiro láti ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sọ fún ìyá ọmọ náà pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú. Màmá yín náà gba ìtàn yẹn gbọ́, wọ́n tiẹ̀ lọ kí i, wọ́n sì mú òróró lọ́wọ́ láti fi wọ́ orúnkún rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí heel hook jẹ́, kí o lè mọ ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Èèyàn á há ẹsẹ̀ ẹnì kejì sáàárín itan tirẹ̀, á ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ abíyá, á fi ìgbọ̀nwọ́ kọ́ gìgísẹ̀, á wá yí gbogbo ara. Gìgísẹ̀ ló dì mú, ṣùgbọ́n orúnkún ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Orúnkún mọ kíká, ó mọ nínà, kò mọ yíyí. Tí wọ́n bá ń na apá èèyàn lódìlódì, á kọ́kọ́ dun ún, ìrora yẹn á sì jẹ́ kó ráyè fọwọ́ gbá ẹnì kejì pé ó tó. Ti heel hook kì í dunni bẹ́ẹ̀. Kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé ewu dé, iṣan tó so eegun itan mọ́ ti ojúgun ti já. IBJJF, àwọn tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu káàkiri ayé, kò gbà á láàyè rárá títí di 2021. Nígbà tí wọ́n sì máa gbà á, àwọn àgbàlagbà tó ti gba bẹ́líìtì búráùn tàbí dúdú, ìyẹn àwọn tí ipò wọn ti ga, nìkan ni wọ́n fún, nínú ìdíje tí wọn kì í ti í wọ kímónò, aṣọ ìjà wọn. Nínú ìlànà wọn, kí èèyàn tó ti bẹ́líìtì búlúù dé búráùn, ó kéré tán ọdún 3 àti ààbọ̀ ni. Káyọ̀dé kò tíì lo oṣù mẹ́rin.

Ìwọ mọ ìjàkadì ju èmi lọ. Ní tiwa, ẹ̀yìn tó bá ti kanlẹ̀, ìjà ti parí. Ní tiwọn, ìgbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹni òkè ní ìbàdí, wọ́n ń pe ìyẹn ní gáàdì, ibẹ̀ ni á ti máa wá bó ṣe máa dojú rẹ̀ dé tàbí kó fún un lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ló ti gbilẹ̀. Ará Japan kan, Mitsuyo Maeda, ló dé Bràsíìlì ní 1914, ó kọ́ Carlos Gracie ní Belém, Carlos kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, Hélio wà lára wọn. Ní 1993, Royce ọmọ Hélio, tí kì í ṣe òmìrán rárá, borí àwọn tó sanra jù ú lọ nínú UFC àkọ́kọ́, ìdíje tó pa oríṣiríṣi oníjà pọ̀, ní Amẹ́ríkà. Ṣé o rí i bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ní láti di ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mú, kó jẹ́ kó fi ara gbọ́ ọ.

Ibi tí fídíò kù sí gan-an nìyẹn. Fídíò kì í fi ìwúwo hàn. Wo ẹni tó dùbúlẹ̀ gbọnrangandan sórí àyà ẹnì kejì nínú fídíò, á dà bíi pé ó sùn ni. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò kanlẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló ń gba àyà lọ sórí ẹni ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ yìí wò ó, wọ́n kúnlẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì, ilẹ̀ ló gba ìwúwo, ẹni ìsàlẹ̀ sì yọ jáde wẹ́rẹ́. Wọ́n ní fídíò náà kò dáa. Fídíò náà dáa, ibi tó yẹ kí ojú wọn wà ni wọn ò wò.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń wò ó ló yẹ kó yí padà. Ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n dáunlóòdù rẹ̀ lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já fáfá, torí fídíò tó ń dúró lójú ọ̀nà kì í jẹ́ kéèyàn rí ibi tí ìbàdí ti ṣí kúrò. Kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan délẹ̀, kí wọ́n tún wò ó ní ìdajì ìyára, kí wọ́n sì gbàgbé ọwọ́ tíṣà, ìbàdí rẹ̀ ni kí wọ́n máa wò. Nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú 10 tó fún wíwò. Ìyókù, ara ni kó ṣe é: kí ẹnì kejì kọ́kọ́ gbà fún un láìjanpata, kó wá máa kọ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi agogo ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i kí wọ́n jà á láti ojú ibẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti òòró. Kí ẹnì kẹta máa ká wọn sí fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kó gbé e sí déédéé ìbàdí. Bí wọ́n bá gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tíṣà, wọ́n á rí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

Kí sì ni ẹyọ àkọ́kọ́? Jíjáde lábẹ́ èèyàn ni. Àwọn ọmọ ò fẹ́ràn rẹ̀ torí kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè jáde kì í bẹ̀rù, ẹni tí kò bá sì bẹ̀rù kì í jà bí wèrè. Ìrìn kan wà tí wọ́n sọ lórúkọ edé, edé tí à ń sè lọ́bẹ̀ yẹn náà. Wàá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wàá ká ẹsẹ̀ kan kí gìgísẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ìdí, wàá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wàá fi ẹsẹ̀ náà ti ilẹ̀ kí ìdí rẹ lè ta sẹ́yìn, ara rẹ á wá ká bíi ti edé. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìwọ àti ẹni òkè ni orúnkún rẹ máa gbà wọlé. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń fi ẹ̀yìn pẹlẹbẹ wọ́ nílẹ̀ láìfi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè ta.

Ìkejì ni ti ẹni tó gùn ẹ́ láyà. Mo dúró tì wọ́n lọ́jọ́bọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣe é, ẹnì kan péré ló bọ́ sí i fún. Ọwọ́ rẹ méjèèjì á di apá rẹ̀ kan mú, ọ̀kan ní ọrùn ọwọ́, ọ̀kan lókè ìgbọ̀nwọ́, wàá fà á mọ́ àyà rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ tó wà lápá ibẹ̀ á kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ á wá sún mọ́ ìdí rẹ pẹ́kípẹ́kí, wàá gbé ìbàdí sókè, òkè réré, kí ìwúwo rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sọ́nà orí rẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni wàá tó yí sórí èjìká apá tó o dì. Èyí tó kọ́kọ́ yí kó tó gbé ìbàdí sókè, kò gbé nǹkan kan. Èyí tó di apá tó gbàgbé ẹsẹ̀, ẹni òkè á na ẹsẹ̀ yẹn, á fi ti ilẹ̀, ó parí.

Ti ọrùn fífún kò tíì yẹ kí ó kàn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣe é, mo sì ti fi bó ṣe yẹ hàn wọ́n. Láti ẹ̀yìn, ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n gan-an, kí ẹran apá di iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọrùn kan, kí eegun apá ìsàlẹ̀ di ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Eegun yẹn kò gbọdọ̀ dábùú gògóńgò. Tí ẹni tí wọ́n fún bá ń wúkọ́, tó ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun, wọ́n ṣì í ṣe. Èyí tó bá bọ́ sí i kì í dunni púpọ̀, èèyàn sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10. Ìdí nìyẹn tí fífọwọ́ gbáni lẹ́ẹ̀mejì fi jẹ́ òfin: ara ẹnì kejì ni kó gbá, kì í ṣe ilẹ̀, torí ilẹ̀ kì í sọ fún un. Tí ọwọ́ bá há, kó fi ẹnu sọ ọ́. Ẹni tó bá ní òun kò ní gbá láéláé kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń lò ńkọ́? Kọnkéré ni, Gbénga. Mo ti ní kí wọ́n lọ gba ìyẹ̀fun igi ní sọ́míìlì, kí wọ́n yọ ìṣó àti ègé igi kúrò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó ìǹṣì 6, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀, kí wọ́n fi pákó yí i ká, kí wọ́n na tapolíìnì lé e lórí kó le bí ìlù. Bí ó bá dẹ̀, ó máa ń ká mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òjò kò gbọdọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ torí á bu. Lẹ́yìn iṣẹ́, ife jíkì kan sí ife omi mẹ́wàá, kí wọ́n fi nù ún, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n fi omi nù ún kúrò. Méjì nínú wọn ti kó làpálàpá ara wọn. Èékánná gígùn, yẹtí àti ṣòkòtò tó ní àpò, kò yẹ kó débẹ̀. Ìka tó bá há sínú àpò lè kán.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Èmi lè dúró tì wọ́n lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ yòókù kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, àwọn oníbẹ́líìtì dúdú pọ̀. Wá ọ̀kan tí ọkàn rẹ̀ tutù, bẹ̀ ẹ́ kó wo fídíò ìṣẹ́jú méjì péré lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kí ìwọ máa túmọ̀ Potogí rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ Àìkú ló dáa jù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí, agogo méjìlá ọ̀sán lọ́dọ̀ yín. Tó o bá ń bọ̀ ní Kérésì, bá wọn mú kímónò àlòkù méjì bọ̀, ìwọ̀n A2 á gba Káyọ̀dé. Kí o sì sọ fún un fúnra rẹ pé kó pa heel hook tì. Ohùn tèmi, ohùn aládùúgbò ni. Tìrẹ ló máa ń bọ́ sí i létí.

Èyí tó kàn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, torí mi ò fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń tiro yẹn, orúnkún rẹ̀ ṣì wú, ó sọ fún mi pé ó ń yẹ̀ tí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ti ya fọ́tò eegun, wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Fọ́tò eegun kì í fi iṣan tó já hàn. Dókítà tó bá mọ̀ pé wọ́n yí ẹsẹ̀ náà ni, kì í ṣe pé ó ṣubú lórí ọ̀kadà, á mọ ohun tí òun máa wá. Káyọ̀dé ló di ẹsẹ̀ náà mú, Gbénga. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé nígbà tó sọ ọ́. Jọ̀ọ́, pè é kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Má bínú sí i. Sọ fún un kó lọ bá ìyá ọmọ náà lálẹ́, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ òtítọ́. Mo ti ṣèlérí fún un pé èmi á tẹ̀ lé e lọ.

Mo ń retí ìpè rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Rótìmí