Sí ẹ̀yin ọmọ tó ń fi eré ọ̀fẹ́ dán tẹ́tẹ́ wò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìbàdàn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìyá rẹ̀. Ó ń tún fóònù ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, débi pé òun ni àwọn oníṣòwò ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn fi ṣe akápò àjọ. Owó àjọ yẹn ló kó sínú roulette orí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́tẹ́ kẹ̀kẹ́ yíyí tí èèyàn ti ń ta pupa tàbí dúdú. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì báyìí. Èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń tà ni wọ́n fi ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà fara balẹ̀ kó tó ṣe é. Ó ní òun ti fi eré ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n ń fi owó tí kì í ṣe owó gidi ta, dánra wò fún oṣù kan gbáko. Ó mú ìwé wá fi hàn mí, ó fi bírò pupa kọ pupa, ó fi búlúù kọ dúdú, ó ro èrè ojoojúmọ́ pọ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé. "Bàbá, ẹ wò ó, mo ń jẹ ni." Mo ṣí i wò, mo rí i pé ọjọ́ ń fò. Mo bi í léèrè. Ó ní àwọn ọjọ́ yẹn, òun ò fọkàn sí i, ni owó eré náà bá tán. Òun kàn tún ojú ewé ọ̀hún ṣí, owó sì kún padà. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Ta ló máa bá a kún owó àjọ padà?

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kẹ̀kẹ́ roulette ti Yúróòpù ní ojú 37: pupa 18, dúdú 18, òdo kan. Òdo yẹn, tí kì í ṣe pupa tí kì í ṣe dúdú, ni onítẹ́tẹ́ fi ń jẹun. Bí ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ bá fi eré ọ̀fẹ́ ta pupa, kálukú ní ìgbà 20, iye kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 36 nínú wọn ló máa dìde pẹ̀lú èrè. Wọn ò mọ ohunkóhun tí àwọn tó kù ò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ló máa lọ so káàdì báǹkì wọn mọ́ ọn, torí wọ́n gbà pé orí àwọn dáa sí i. Bí gbogbo ọgọ́rùn-ún yẹn bá ta á dé ìgbà 10,000, ẹni tó ṣì ń jèrè nínú wọn lè má sí rárá.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tẹ́tẹ́ pool ló gbòde. Bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á. Bí sáà wọn bá parí, wọ́n á bọ́ sí ti Ọsirélíà. Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá mi tí kò kọ́kọ́ ta kọ́bọ̀. Ó kàn ń kọ àwọn tó rò pé wọ́n á gba ọ̀mì sínú ìwé, á gbé rédíò sórí tábìlì ìgéṣọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á máa fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà sí èyí tó bá bọ́ sí i. "Ká ní mo ta á ni!" Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ká ní" yẹn ló mú un. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ́kọ́ tà. Nígbà tó kan aṣọ Iléyá àwọn oníbàárà, ó sá kúrò nílùú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n dúró gba èébú.

Ẹ dákẹ́ ná! Mo ti gbọ́ èsì yín: "Bàbá, ẹ̀rọ kan náà ló wà nídìí eré ọ̀fẹ́ àti ti olówó." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gambling Commission, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ti pa á láṣẹ pé bí ẹni ṣe lè jẹ nínú eré ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ bá ti olówó mu. Àwọn tí kò sí lábẹ́ òfin kankan ńkọ́? Ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò? Kódà kó jẹ́ ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀rọ náà ò rántí àná. Ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, ní August 18, 1913, dúdú jáde nídìí roulette nígbà 26 léra wọn. Àwọn èèyàn ń kówó lé pupa, wọ́n ní ó ti tó àsìkò rẹ̀. Wọ́n run owó.

Kí lẹ wá ń dánra wò gan-an? Ẹni tó ń kọ́ ìránṣọ, bó bá ṣe ń rán an ni ọwọ́ rẹ̀ á máa tọ́ sí i. Nídìí roulette àti ẹ̀rọ slot, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ kí àwòrán inú rẹ̀ yí, kò sóhun tí ọwọ́ ń kọ́ àfi títẹ bọ́tìnì láìbẹ̀rù. N kò ní purọ́ fún yín: nínú eré káàdì blackjack, ìdánrawò lè kọ́ èèyàn ní ìgbà tó yẹ kó gba káàdì àti ìgbà tó yẹ kó dúró, àdánù rẹ̀ á sì dín kù. Síbẹ̀ onítẹ́tẹ́ ṣì ló ń jèrè.

Ẹ̀rọ slot tí wọ́n kọ 96% sí lára, pé iye tó ń dá padà fún àwọn tó ń ta á nìyẹn nínú owó wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà tí kò lóǹkà ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn, kì í ṣe ti alẹ́ yín. Bí ẹ bá fi ₦500 tẹ̀ ẹ́ nígbà 100, ₦50,000 lẹ ti fi sílẹ̀, ìṣirò sì ti yọ ₦2,000 níbẹ̀ fún wọn.

Ẹ yé gbé eré ọ̀fẹ́ yìí fún àwọn àbúrò yín. Láti 2019 ni wọ́n ti ń wo ọjọ́ orí ẹni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó fọwọ́ kan án, bí kò tiẹ̀ sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó sì ń ta àsọtẹ́lẹ̀ fún yín lórí Telegram, bó bá mọ nọ́ńbà tó ń bọ̀, kí ló ń wá ₦5,000 yín sí? Àbí ẹ ò ń ronú ni?

Bí owó olówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, yọ ohun tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ lónìí. Bí o bá sì ti fọwọ́ kan owó náà, má dúró de ọjọ́ tó máa kan ẹni tó fẹ́ kó o. Lọ bá wọn nísinsìnyí. Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá gbà, wá sílé mi, mo máa sin ọ́ lọ.

Bàbá yín ní Ìbàdàn