Ká ka àyè inú ọkọ̀ ká tó ka ọmọ ẹgbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè nínú ìwé ìròyìn yín, ká bá àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun sọ̀rọ̀, àti àwọn tó ń gbèrò láti dá ọ̀kan sílẹ̀. Ohun kan ló ń tú ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká: wọ́n ń gba èèyàn ju àyè tó wà nínú ọkọ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ fàájì là ń wí, a ò sọ ti eré ìje. Àwọn díẹ̀ ní ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ò ní. Olọ́kọ̀ á gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, àwọn yòókù á bá a fa okùn, wọ́n á jọ gbafẹ́ lórí omi, wọ́n á sì jọ jẹun bí wọ́n bá gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Alága, akọ̀wé, akápò, ẹni tó ń to èèyàn sínú ọkọ̀, gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ó rọrùn láti gba orúkọ, ó ṣòro láti rí ọkọ̀. Orúkọ á wá máa pọ̀ sí i, ọkọ̀ á sì dúró síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 lè ní ibùsùn fún èèyàn mẹ́fà, ṣùgbọ́n ibi ìjókòó tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ń fa okùn, kì í gba ju èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ kí apá tó lè jù. Ẹ yọ ọ̀gá ọkọ̀ kúrò. Ẹ tún yọ igbákejì rẹ̀, ẹni tó lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ara rẹ̀ ò bá yá, tó sábà máa ń jẹ́ ará ilé rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gba mẹ́fà, ó ku àyè mẹ́rin. Bí ẹgbẹ́ bá ní ọkọ̀ 12, ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn jáde lọ́jọ́ kan náà: ẹ́ńjìnnì ọ̀kan ti kọṣẹ́, ẹni tó ni òmíràn rìnrìn àjò, òmíràn ń fi tirẹ̀ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló jáde, ọkọ̀ mẹ́rin nìyẹn, àyè 16. Bí ìjáde bá jẹ́ mẹ́rin lóṣù, àyè 64 la ní. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ dé orí omi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, èèyàn 32 ni ẹgbẹ́ yìí lè gbà. Bí ìdajì àwọn ọkọ̀ bá ń jáde, àyè di 96, èèyàn di 48. Ẹgbẹ́ tó wá gba owó lọ́wọ́ èèyàn 150 ti ta ohun tí kò ní fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Àwọn tó kọ́kọ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ mọ èyí. Ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ lónìí sí Royal Cork Yacht Club ní ilẹ̀ Ireland, tó ka 1720 sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní òfin nígbà náà pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Wọ́n tún fòfin dè é pé ọ̀gá ẹgbẹ́ tó bá ń gbàlejò kò gbọdọ̀ gbé ju àwo ẹran méjì lọ síwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Òfin kejì yẹn wúlò títí dòní. Níbi tí àwọn tó ń se àsè bá ti ń bá ara wọn díje, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó á rọra yọ́ lọ, kò sì ní sọ ìdí tó fi lọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ti olọ́kọ̀ kì í tì. Ti àwọn tí kò ní ọkọ̀ ní ìwé orúkọ àwọn tó ń retí àyè: ẹ kọ ọjọ́ tí oníkálukú béèrè, kẹ́ ẹ sì máa pè wọ́n bó ṣe tò. Kí owó ọdún olọ́kọ̀ má ju ìdajì ti ẹlòmíràn lọ, torí ohun tó ń ná sórí ọkọ̀ ju ohun tí ẹgbẹ́ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹgbẹ́ kúkú ra ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò tíì rí èèyàn mẹ́ta tó mọ ẹ́ńjìnnì àti okùn tún ṣe, tí wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn á máa ṣe é, kó má tíì dán an wò. Ohun tó yá jù ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ títí wọ́n á fi lè ṣe igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Olọ́kọ̀ tó ti rẹ̀ ṣì máa jáde bó bá mọ̀ pé ẹnì kan wà tó lè so ọkọ̀ mọ́ èbúté láìjẹ́ pé òun pariwo.

Ohun tó ń lé olọ́kọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kò pọ̀: àwọn èrò pẹ́ dé, wọn ò gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ lọ ilé nígbà tí iyọ̀ òkun ṣì wà lára gbogbo nǹkan. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin. Èrò á dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò. Kò sí ẹni tó máa lọ títí wọ́n á fi ká ìgbòkun, tí wọ́n á ká okùn, tí wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ fọ ọkọ̀, tí wọ́n á sì kó ìdọ̀tí jáde. Ní ti ẹni tó máa wọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ojú ọjọ́ tí òun lè jáde, ọ̀gá ọkọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí ìgbìmọ̀ má sì fipá mú un láé.

Fọ́ọ̀mù ìwọlé ló kàn. Ẹ má bi èèyàn pé “Ṣé o nírìírí?” Gbogbo èèyàn ló ní. Ẹ bi í pé: ṣé o ti tọ́ ọkọ̀ lòdì sí afẹ́fẹ́ rí láìsí ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́? Ṣé o lè ta kókó bowline, ìyẹn kókó olójú tí kì í fún, láìwo ìwé? Ṣé o ti dín ìgbòkun kù rí nígbà tí afẹ́fẹ́ ti le? Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́? Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí a ó pè bí ewu bá dé, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ẹni náà kì í ṣe ẹni tí wọn á jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Tọkọtaya ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ kọ orúkọ ìyàwó, ìyàwó kọ orúkọ ọkọ, àwọn méjèèjì sì jókòó sínú ọkọ̀ kan. Lọ́wọ́ olọ́kọ̀, ẹ gba ìwé ọkọ̀, ọjọ́ tí ìwé adójútòfò rẹ̀ máa parí, àti iye láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí oògùn tí èèyàn ń lò, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń gbé e jáde nìkan ló yẹ kó gbọ́ ọ; kì í ṣe ohun tá a ń gbé sórí WhatsApp.

Oṣù àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá ẹni tuntun máa dúró. Kí ẹnì kan pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì ti wọ ọkọ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Kó tó dọjọ́ yẹn, ẹ fi wákàtí méjì kọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ṣì wà ní ìsokọ́. Kó wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bó bá ń gòkè, kó di wáyà tó di òpó ọkọ̀ mú, kó má di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ etí ọkọ̀, torí pé ìyẹn lè ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun hàn án, kẹ́ ẹ sì fi ibi tó máa gbá dé hàn án bí ọkọ̀ bá yí padà. Níbi wíǹṣì, ìyẹn ìlù irin tí wọ́n ń yí okùn mọ́ kí wọ́n lè fà á, apá ọ̀tún ni okùn ń yí sí, bí ọwọ́ aago. Ìyípo méjì tó kó tó fà á; bó bá ti wúwo, kó fi ìyípo kan tàbí méjì kún un. Ẹni tó bá yí i lọ́pọ̀ kí okùn tó wúwo, okùn á gun orí ara rẹ̀, á há, kò sì ní ṣeé tú nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ jù. Kí ìka ọwọ́ jìnnà sí wíǹṣì. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú pé bí ẹnì kan bá já sómi, kó pariwo, kó ju ohun tó lè léfòó sí i, kó sì máa na ìka sí i láìgbójú kúrò lára rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi padà.

Ìtò èèyàn sínú ọkọ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ, àwọn èèyàn mẹ́wàá tí fóònù wọn kì í kúrò lọ́wọ́ ni yóò máa lọ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìforúkọsílẹ̀ ṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kó tì ní wákàtí 48 ṣáájú, kí ẹni tó ń ṣètò wá tò wọ́n lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò tíì jáde lóṣù yẹn ló máa ṣáájú. Kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ tí gbogbo èrò inú rẹ̀ jẹ́ ẹni tuntun. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì yọjú, kó padà sí ìdí ìlà.

Ọ̀rọ̀ owó nínú ọkọ̀ gba ìṣọ́ra. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí èrò bá ní láti sanwó kó tó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti di ọkọ̀ èrò lójú òfin. Yóò nílò ìwé àṣẹ mìíràn, iléeṣẹ́ adójútòfò sì lè kọ̀ láti san owó kankan bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Kí àwọn èrò dá owó epo tinútinú, kó má sì ju iye tí epo náà jẹ́ gan-an lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò, kó gba èsì lórí ìwé, kó sì ní ìwé adójútòfò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn olọ́kọ̀. Ìwé tí èrò fọwọ́ sí pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kò lè rọ́pò rẹ̀. Níbi púpọ̀, kò lè gba aláìbìkítà sílẹ̀. Owó ọdún ni kí ẹ fi san adójútòfò àti àwọn ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀. Kí àwọn tó wá síbi àsè san owó àsè. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí owó tó ń jáde ní báńkì, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe akápò sì máa fi ìwé báńkì wé ìwé akápò lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ ìjáde, kí ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sí èbúté, pẹ̀lú wákàtí tí wọ́n ní àwọn máa dé. Kí rédíò VHF, tí àwọn ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wà ní ojú 16, ibi tí wọ́n ti ń ké pe ìrànlọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ agbára 4 lórí ìwọ̀n Beaufort, ìyẹn knot 11 sí 16 (knot ni wọ́n fi ń wọn eré afẹ́fẹ́), ni kí ti ẹni tuntun mọ. Bó bá ti di agbára 5, knot 17 sí 21, ẹ fi àwọn tó mọ iṣẹ́ nìkan jáde, tàbí kí ẹ jókòó jẹun ní èbúté. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ ara rẹ̀ kì í kùnà lójú èèyàn. Àgbá gáàsì rẹ̀ ló máa ń tú díẹ̀díẹ̀, tàbí kó dípẹtà. Ẹ tú u jáde kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n: kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ̀wù náà kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Ní ti ìsọdọ̀tun jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló dẹrùn fún ẹni tí kò gbowó oṣù. Kó bọ́ sí oṣù méjì ṣáájú àsìkò ìjáde, kí ìgbìmọ̀ lè mọ iye èèyàn àti iye ọkọ̀ tó ní. Ẹ ránṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, lọ́jọ́ náà gan-an, àti ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lọ, ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ẹ̀ẹ̀melòó lo wọ ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ló máa fi hàn bóyá iye èèyàn tí ẹ ń gbà bá ọkọ̀ yín mu.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹgbẹ́ tí ìwé orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù ẹnì kan, tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lórí í-meèlì ẹnì kan, ọjọ́ tó bá rẹ ẹni náà ni ẹgbẹ́ parí. Kí ìwé orúkọ jẹ́ ẹyọ kan, ní ibi kan, lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì sì lè ṣí i. Kí ipò kọ̀ọ̀kan ní igbákejì àti ojú ìwé kan tó sọ ohun tí onípò náà ń ṣe lóṣooṣù. Ọdún méjì ni kí sáà jẹ́, kí ìdajì ìgbìmọ̀ máa kúrò lọ́dún kan, ìdajì lọ́dún kejì. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìdìbò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rọ́pò, kó lè bá ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ ìpàdé kí ẹ tó béèrè ta ló fẹ́ ṣe akápò, gbogbo ojú ló máa wolẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ṣiṣẹ́